Bí Iná Ilé Bá Ń Ṣe Bákan: Ohun tí Kò Gbọdọ̀ Di Ọ̀la

Lójú ewé yìí, omi mímu, ilé ìyàgbẹ́, ẹ̀fọn àti oúnjẹ tó ti bà jẹ́ ni a sábà máa ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ń wá níbẹ̀. Ìdáhùn wa kò gùn. Ẹni tí onígbáméjì bá mú ṣì ní wákàtí díẹ̀ tí wọ́n fi lè gbé e dé ilé ìwòsàn kí wọ́n fa omi sí i lára. Ẹni tí iná gbé, tí ọkàn rẹ̀ sì dúró, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ló ní, ẹni tó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ìṣẹ́jú náà kì í sábà jẹ́ dókítà. Ìyá rẹ̀ ni, tàbí àbúrò rẹ̀, tàbí ayálégbé tí wọ́n jọ ń gbé. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ kí gbogbo ilé gbọ́ ẹ̀kọ́ yìí, kí ẹni tó mọ̀wé kà á fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà.

Iná tí gbogbo wa ṣì ń pè ní iná NẸ́PÀ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti oṣù kọkànlá ọdún 2013 ni pípín iná ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni, fóòtì 230 ló fi ń wọ ilé wa. Àwọn tó sọ pé iná “gbé” ènìyàn mọ ohun tí wọ́n ń wí. Tí iná bá gba àtẹ́lẹwọ́ wọlé, iṣan ọwọ́ á sún kì, ọwọ́ á di wáyà náà mú, ẹni náà á fẹ́ jù ú sílẹ̀ ṣùgbọ́n kò ní lè jù ú sílẹ̀. Iná á máa gba àyà kọjá lọ sílẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọkàn wà. Iye tó lè da lílù ọkàn rú kò pọ̀ rárá: ìdá 30 nínú 1,000 ampere ti tó láti fi ẹ̀mí wewu.

Ẹ fi èyí wé fíúsì tó wà nínú plọ́ọ̀gì yín. Fíúsì 13 ampere ni, ìyẹn ju ìlọ́po 400 iye tí a sọ yẹn lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá ń rò pé fíúsì ń dáàbò bo òun ń tan ara rẹ̀ jẹ. Wáyà ni fíúsì ń dáàbò bò kó má baà gbiná. Èyí tó ń dáàbò bo ènìyàn ni ohun tí àwọn oníná ń pè ní RCD. Inú àpótí bírékà ló máa ń wà, ó ní bọ́tìnì kékeré kan lára tí wọ́n kọ T tàbí TEST sí, òun ló sì máa ń pa iná wàrà bí iná bá ń jò gba ara ènìyàn. Ọ̀pọ̀ ilé wa ni kò ní i. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé lọ́wọ́, nínú owó géètì olódòdó yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ díẹ̀ níbẹ̀ kí ẹ fi ra RCD.

Ara tó gbẹ máa ń dènà iná díẹ̀. Ara tó tutù kì í dènà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa Mùsùlùmí gan-an, torí pé ìgbà márùn-ún lóòjọ́ ni omi ń kan ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wa. Ẹ wo bí a ti ń ṣe: a ṣe àlùwàlá tán, ẹsẹ̀ lásán, omi ṣì ń kán ní ìgúnpá, a nawọ́ sí súwíìsì fáànù. Làdáánì á fi ọwọ́ tútù gbá ẹnu gbohùngbohùn mú, wáyà rẹ̀ sì ti bó, wọ́n fi ọ̀rá wé e. Kí gbogbo mọ́sáláṣí ní aṣọ ìnuwọ́ kan lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹni tí yóò tan iná tàbí ẹ̀rọ gbohùngbohùn sì nu ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ gbẹ ná. Ìyẹn kò ní kí ìrun pẹ́.

Wàyí o, báwo ni a ṣe máa mọ̀ pé ọ̀ràn ti di kánjúkánjú? Imú ló sábà máa ń kọ́kọ́ mọ̀. Tí ike ara sọ́kẹ́ẹ̀tì tàbí ara wáyà bá ń gbóná jù, ó máa ń rùn bí ẹja tó ti ń bàjẹ́, kó tó máa rùn bí ọ̀rá tó ń jó. Àwọn kan ti tú ilé ìdáná palẹ̀ nítorí òórùn yìí, wọ́n ń wá ẹja tí kò sí níbẹ̀. Bí ẹ bá ń gbóòórùn bẹ́ẹ̀ tí ẹ kò rí ẹja, ẹ lọ wo sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ wò ó bóyá ojú rẹ̀ ti pọ́n bí ẹni pé èéfín gbá a, bóyá ó ń pariwo ṣìì tàbí tà-tà-tà, bóyá plọ́ọ̀gì gbóná lọ́wọ́ nígbà tí ẹ yọ ọ́. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tí fóònù nìkan ń gba iná lára rẹ̀ kò yẹ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ rárá.

Tí èéfín bá ti ń jáde lára sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ má na ọwọ́ sí plọ́ọ̀gì tó wà lára rẹ̀. Ibi tí iná ti wọ ilé ni kí ẹ lọ pa, ìyẹn bírékà ńlá tàbí súwíìsì ńlá. Ìbéèrè wa rèé: ta ló mọ ibi tó wà nínú ilé yín? Nínú ọ̀pọ̀ ilé, Bàbá nìkan ló mọ̀ ọ́n, Bàbá sì wà níbi iṣẹ́. Kí ọmọ ọdún mẹ́wàá mọ̀ ọ́n, kí Ìyá àgbà mọ̀ ọ́n, kí ẹni tó wá bá wa ṣiṣẹ́ ilé mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá gbé kọ́bọ́ọ̀dù tàbí àpò ìrẹsì dí i, kí wọ́n gbé e kúrò lónìí.

Àmì kejì ni ìmọ́lẹ̀, a ó sì dúró lórí èyí díẹ̀, nítorí òun ló ń jó tẹlifíṣọ̀n, fíríìjì, àti nígbà mìíràn odindi ilé, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan nǹkankan. Wáyà mẹ́rin ló sábà máa ń gba orí òpó wá láti ibi tiransifọ́mà. Mẹ́ta nínú wọn ló ń gbé iná, àwọn ni à ń pè ní fésì. Ẹ̀kẹrin ni níútírà, tí iná ń gbà padà. Láàárín fésì kan àti níútírà, fóòtì 230 ni. Láàárín fésì kan àti fésì kejì, 400 ni. Bí níútírà bá já lórí òpó, bóyá nítorí afẹ́fẹ́, bóyá nítorí ibi tí wọ́n so ó mọ́ ti dípẹtà, iná kò rí ọ̀nà tó yẹ kó gbà padà mọ́, yóò máa gba inú ilé tó wà lórí fésì kan bọ́ sínú ilé tó wà lórí fésì mìíràn. Àwọn ilé náà á wá jọ pín 400 yẹn láìdọ́gba. Ilé kan á rí 100, ìkejì á rí 300.

Bó ṣe máa ń rí rèé: lójijì gílóòbù yín á tàn yanran ju ti tẹ́lẹ̀, fáànù á máa sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé, ẹ ó máa gbọ́ igbe ní ilé kejì pé iná àwọn ti di kékeré, ó pupa bí ti fìtílà. Tàbí kó jẹ́ pé bí ẹ ṣe tan áyọ́ọ̀nù nínú yàrá kan ni gílóòbù yàrá kejì tún mọ́lẹ̀ sí i dípò kó rẹlẹ̀. Ẹ má dúró wò ó. Ẹ má sọ pé stabilizer wà níbẹ̀, torí ọ̀pọ̀ stabilizer tí à ń rà kò lè gba irú ẹ̀ dúró. Ẹ sáré pa bírékà ńlá, kí ẹ ké sí àwọn aládùúgbò kí wọ́n pa tiwọn náà, nítorí pé ọ̀rọ̀ gbogbo òpópónà ni. Lẹ́yìn èyí, ẹ yọ gbogbo plọ́ọ̀gì, kí ẹ pe ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná fún yín. Nígbà tí wọ́n bá ní àwọn ti tún un ṣe, gílóòbù kan péré ni kí ẹ kọ́kọ́ fi dán an wò.

Àkókò yìí gan-an ni àwọn ọmọkùnrin kan máa ń gun àga, pẹ̀lú tésítà lẹ́nu, pé àwọn fẹ́ yí fésì nínú kọ́táòtù. A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ti ṣe é tí nǹkankan kò ṣe wọ́n. Yíyí fésì kò tún níútírà tó já ṣe, ó kàn lè gbé ẹ̀rọ yín láti 100 lọ sí 300 ni. Ẹni tó wà lórí àga náà sì ń fi ọwọ́ lásán wá nǹkan níbi tí bírékà ilé kò ti lè gbà á là. Ìwà kan tún jọ èyí: kí fíúsì kọ́táòtù já, kí wọ́n sì fi wáyà kọ́pà ńlá rọ́pò rẹ̀ kó má baà já mọ́. Fíúsì tí kì í já ti di ẹ̀ṣọ́ tó ń sùn.

Ní ìpàdé àwọn obìnrin kan, arábìnrin kan bi wá pé bí òun bá ti fọwọ́ kan ẹ̀rọ omi ẹ̀yìnkùlé, ara òun á rìn wìnnìwìnnì. Ó ní òun sọ fún baba onílé, baba sì dáhùn pé, “Ìyá Ìbejì, iná kékeré nìyẹn, kò lè pa èèyàn.” Kò sí iná kékeré lára ẹ̀rọ omi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé iná ti ń jò sára irin. Ó lè jẹ́ pé wáyà ẹ̀rọ tó ń fa omi inú kànga ti bó, ó lè jẹ́ ẹ̀rọ agbómigbóná, ó sì lè jẹ́ pé wáyà tó yẹ kó gbé iná tó bá jò lọ sínú ilẹ̀ ti já, tàbí pé wọn kò tilẹ̀ rì í rárá nígbà tí wọ́n ń kọ́lé. Lónìí, bàtà rọ́bà wà lẹ́sẹ̀ arábìnrin yìí, ilẹ̀ sì gbẹ, ara rẹ̀ kàn rìn wìnnì ni. Lọ́la, òjò á rọ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà á wá síbẹ̀ láìwọ bàtà, yóò sì fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Irin kan náà ni, iná kan náà ni.

Nítorí náà, kí wọ́n pa ẹ̀rọ tó ń fa omi náà láti orí bírékà rẹ̀, kí gbogbo ilé mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ omi yẹn, kí wọ́n máa pọn omi níbòmíràn títí oníná yóò fi dé. Bí ara ẹ̀rọ omi bá ṣì ń gbé èèyàn lẹ́yìn tí wọ́n pa á, bírékà ńlá ni kí wọ́n pa. Kí oníná náà sì jẹ́ ẹni tó kọ́ṣẹ́ jinlẹ̀. Ìjọba ní àjọ kan, NEMSA, tó ń fún àwọn oníṣẹ́ iná ní ìwé ẹ̀rí, kì í ṣe àfojúdi láti sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká rí ìwé yín.” Ní ti onílé tí kò fẹ́ náwó, kí àwọn ayálégbé kó ara wọn jọ, kí wọ́n lọ bá a pẹ̀lú ọ̀wọ̀, “Bàbá, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yìí ti ju sùúrù lọ,” kí wọ́n mú ìmáàmù àdúgbò dání bó bá gbà bẹ́ẹ̀.

Níwọ̀n bí a ti wà lórí ọ̀rọ̀ omi, irin tí à ń kì bọ inú bákẹ́ẹ̀tì láti fi sè é, tí gbogbo èèyàn ń pè ní boiling ring, wọ́pọ̀ nígbà ọyẹ́ láti fi gbóná omi àlùwàlá Súbùù. Ènìyàn á ti ojú oorun bọ̀, á fi ìka wo omi bóyá ó ti gbóná, irin ṣì wà nínú rẹ̀, iná ṣì wà lára irin. Ẹ yọ plọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri ná kí ìka tó kan omi. Kó tó pa súwíìsì nìkan kò tó, torí súwíìsì mìíràn ti bàjẹ́ nínú láìjẹ́ pé ó hàn síta. A kò sì fẹ́ kí ọmọdé máa lo nǹkan yìí rárá. Gáàsì tàbí sítóòfù sàn jù fún omi ìwẹ̀.

Ẹ́sítẹ́ńṣàn ńkọ́? Ìṣirò díẹ̀ rèé. Ìkòkò oníná tó jẹ́ wáàtì 2,000 ń fa bí ampere mẹ́sàn-án. Áyọ́ọ̀nù wáàtì 1,000 ń fa ju mẹ́rin lọ. Àpapọ̀ wọn ti tó 13, ìyẹn gbogbo ohun tí ẹ́sítẹ́ńṣàn tó dára jù lè gbé, ẹ kò sì tíì fi fíríìjì kún un. Èyí tí wọ́n ń tà ní pọ́ọ́kú lójú títì, wáyà inú rẹ̀ lè tín-ín-rín débi pé kò lè gbé ìdajì ìyẹn. Bí ẹ bá fọwọ́ kan wáyà rẹ̀ tó gbóná, ẹ yọ ohun tó ń fa iná jù nídìí rẹ̀. Ẹ má tẹ́ ẹní tàbí kápẹ́ẹ̀tì lé e lórí.

Ohun kan tún wà tó jẹ́ ti ilẹ̀ wa nìkan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bẹ́ẹ̀. À ń lọ aṣọ lọ́wọ́, wọ́n mú iná lọ. A gbé áyọ́ọ̀nù dùbúlẹ̀ sórí aṣọ, a gbàgbé, a lọ sóde ìnáwó tàbí a sùn. Ní aago méjì òru wọ́n mú iná dé. Nígbàkúùgbà tí iná bá lọ, kí ẹni tó ń lo nǹkan yọ plọ́ọ̀gì rẹ̀ kó tó bínú sí ẹnikẹ́ni. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ti kìlọ̀ fún wa pé kí a má fi iná sílẹ̀ nínú ilé nígbà tí a bá fẹ́ sùn, fìtílà ni wọ́n sì ní lásìkò yẹn.

Bí iná bá sọ, tó sì jẹ́ láti ara wáyà tàbí ẹ̀rọ, ẹ kò gbọdọ̀ da omi sí i níwọ̀n ìgbà tí kọ́rẹ́ǹtì bá ṣì wà lára rẹ̀, nítorí iná lè gba inú omi wá bá ẹni tó gbé bákẹ́ẹ̀tì dání. Ẹ pa bírékà ńlá. Bí iná bá ṣì kéré, iyanrìn gbígbẹ tàbí ẹ̀rọ panápaná oní-páúdà lè pa á. Bó bá ti ga tó èèyàn tàbí tí èéfín ti bo yàrá, ẹ kó gbogbo ènìyàn jáde, ẹ pa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn yín, ẹ tẹ 112. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, 767 náà ń ṣiṣẹ́. Ẹ má padà wọlé lọ mú ìwé ilẹ̀ tàbí góòlù. Ẹni tó bá rà kò gbọdọ̀ dìde dúró nínú èéfín; afẹ́fẹ́ tó dára wà nísàlẹ̀.

Ti jẹnẹrétọ̀, ọ̀rọ̀ kan péré nísinsìnyí. Wáyà olórí plọ́ọ̀gì méjì, tí àwọn kan fi ń ti iná jẹnẹrétọ̀ wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gé e dànù. Bí ẹ bá gbàgbé láti pa bírékà ńlá, iná yín yóò gba ojú mítà jáde lọ bá òṣìṣẹ́ tó wà lórí òpó, tó gbà pé iná ti lọ. Changeover ni kí oníná fi sí i.

Lásìkò ìjì àti òjò, wáyà òpó máa ń já bọ́ sílẹ̀. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń ta pàrà. Èyí tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ nínú ẹrẹ̀ lè gbé fóòtì 11,000 tàbí 33,000, ilẹ̀ àyíká rẹ̀ náà sì lè gbé iná. Ẹ jìnnà sí i tó mítà mẹ́wàá ó kéré tán, ẹ ran àwọn ọmọ lọ́wọ́ láti dúró lókèèrè, ẹ dá àwọn ọlọ́kadà dúró. Bí ẹ bá ti wà nítòsí kí ẹ tó rí i, ẹ má fo, ẹ má sáré. Ẹ máa wọ́ ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìyà wọ́n, títí ẹ ó fi jìnnà. Bó bá já lé ọkọ̀ yín, inú ọkọ̀ ni kí ẹ jókòó sí, àyàfi bí ọkọ̀ bá ń jóná.

Bí iná bá gbé ènìyàn nínú ilé, ohun àkọ́kọ́ tí ọkàn máa sọ fún wa ni kí a fà á. Báyìí ni iná ṣe ń gbé ẹni méjì. Ẹ pa bírékà, tàbí kí ẹ yọ plọ́ọ̀gì bí ọwọ́ bá lè dé e láìkan ẹni náà. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ dúró lórí nǹkan gbígbẹ tí kì í ṣe irin, bí ike tàbí pákó, kí ẹ fi igi ìgbálẹ̀ tó gbẹ tàbí àga ike ti wáyà náà kúrò lára rẹ̀. Ti inú ilé nìkan nìyí o. Bó bá jẹ́ wáyà orí òpó, igi kankan kò lè gbà yín. Ẹ dúró lókèèrè títí wọn yóò fi pa iná.

Lẹ́yìn tó bá ti bọ́, ẹ pè é, ẹ wò ó bóyá ó ń mí. Bí kò bá mí, tàbí tó ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀ bí ẹni tí ẹ̀mí ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ní kí ẹlòmíràn pe 112 kó sì wá ọkọ̀, ẹ̀yin ẹ tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ líle, ẹ gbé ọwọ́ kan lé èkejì láàárín àyà rẹ̀, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kíkankíkan, kó wọlé tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sí mẹ́fà, ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan. Fún ọmọdé, ọwọ́ kan lè tó. Ẹ má dúró títí yóò fi mí tàbí títí àwọn oníṣègùn yóò fi gbà á. Bó bá rẹ̀ yín, kí ẹlòmíràn gbà á lọ́wọ́ yín. Ẹ má da epo pupa tàbí mílíìkì sí ẹni tó dákú lẹ́nu. Ẹ̀dọ̀fóró ni yóò bá lọ.

Ibi tó bá jóná lára rẹ̀, omi tútù tó ń ṣàn ni kí ẹ fi sí i fún 20 ìṣẹ́jú, lẹ́yìn tí iná ti kúrò pátápátá. Kì í ṣe ẹyin, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín, kì í ṣe yìnyín. Bí ó bá tilẹ̀ dìde tó ń rẹ́rìn-ín, tó ní kò sí nǹkankan, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, pàápàá aboyún, ọmọdé àti ẹni tí iná gba àyà rẹ̀ kọjá. Àmì kékeré lórí ìka lè bo ẹran ara tó ti sè nínú, ọkàn sì lè máa lù ségesège fún wákàtí mélòó kan kí ó tó hàn. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ọkàn rẹ̀ wò pẹ̀lú ECG, kí ẹ sì sọ bó ṣe pẹ́ tó lára iná.

Ní oṣù tó ń bọ̀, a ó sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́ olóró inú èéfín jẹnẹrétọ̀, tí kò ní àwọ̀ tí kò sì ní òórùn, àti ibi tó yẹ kí a gbé jẹnẹrétọ̀ sí. Ẹni tó bá ní ìbéèrè lórí ti oṣù yìí, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó fi rán akọ̀wé ẹ̀ka rẹ̀.